Áyọ́ọ̀nù yín ò bàjẹ́, iná ni ò tó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí síta torí áyọ́ọ̀nù táwọn èèyàn ń gbé wá bá mi níbi iṣẹ́ níbí ní Iléṣà ti pọ̀ jù. Látìgbà tí iná àdúgbò wa ní Ìsọ̀kún ò ti gbé nǹkankan mọ́, àfi bíi pé gbogbo áyọ́ọ̀nù ló yarọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì ń dùn mí ni pé àwọn kan ti sanwó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti bá wọn pààrọ̀ wáyà inú ẹ̀, wáyà ọ̀hún ò sì ṣe nǹkankan.

Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ni wá, a mọ owó kà, ìṣirò yìí ò le. Ẹ wo ara áyọ́ọ̀nù yín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 230V, 1000W. V ni fóltéèjì, agbára tó ń ti iná wọlé; W ni wáàtì, bí ooru tó ń mú jáde ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi 230 pín 1000, ẹ máa rí bíi 4.35, iye áńpù (bí iná tó ń ṣàn gba inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó) tó ń fà nìyẹn tí iná bá pé. Ẹ wá fi 4.35 pín 230, bíi 53 ohm lẹ máa rí, resistance nìyẹn, bí wáyà inú ẹ̀ ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Georg Ohm ará Jámánì ló gbé òfin tá a fi ṣe ìṣirò kejì yìí jáde lọ́dún 1827.

Ó dáa, ká ní fóltéèjì já wá sí 115, ìdajì nìyẹn. 53 ohm yẹn ò kúrò níbi tó wà (ó máa ń yí díẹ̀ tó bá gbóná, àmọ́ kò tó nǹkan), áńpù á wá di 2.17, 115 lọ́nà 2.17 ò sì ju wáàtì 250 lọ. Iná dín sí ìdajì, ooru dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin! Torí fóltéèjì dín, áńpù náà tún bá a dín. Wákàtí mẹ́rin lẹ máa fi jẹ yúníìtì kan (wáàtì 1000 fún wákàtí kan nìyẹn), ṣòkòtò ankárá ò sì ní nà.

Ẹ tún wo iná pupa kékeré orí ẹ̀. Tí iná bá dáa, á tàn, á kú, á tún tàn, ṣùgbọ́n lásìkò yìí ṣe ló kàn ń tàn lọ ràì torí áyọ́ọ̀nù ò tíì gbóná dé ibi tẹ́ẹ yí i sí. Èyí tí wáyà ẹ̀ já ní tòótọ́ kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́ o, tútù ló máa tutù.

Ẹ má fi ìṣirò yìí wọn fíríìjì ṣá. Mọ́tò tó ń yí nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀ ni tiẹ̀, tí iná ò bá tó tí kò lè yí, ńṣe ni áńpù á tún pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń jó, ẹ yáa yọ ọ́ lára iná.

Wáyà orí òpó náà ní resistance tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ohm 2 péré tí áńpù 20 sì ń gbà á kọjá, fóltéèjì 40 ti bá ọ̀nà lọ kó tó délé ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bójú tó iná wa, tí wọ́n bá dé, ìdí taransfọ́mà ni wọ́n máa ń ki mítà bọ̀, wọ́n á ní iná pé, wọ́n á lọ. Ilé tó gbẹ̀yìn lórí wáyà ni kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti tan nǹkan wọn.

Èmi ni tiyín,
Oníná kan ní Ìsọ̀kún, Iléṣà