Bíléèdì Eléyín Púpọ̀ Kọ́ Ló Yẹ Gbogbo Pákó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí bíléèdì ẹ̀rọ ayùn, èyí tí wọ́n lẹ kábáìdì mọ́ eyín rẹ̀ (ohun líle tí a fi ń gé nǹkan ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń mú èso pọ́n). Ní Kugbo tí mo ti ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ti ọjà Dei-Dei dé yóò sọ pé eléyín 80 ni òun rà, nítorí pé òun ló wọ́n jù, kò sì sí bí kò ṣe ní dára jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi fi irú rẹ̀ la pákó àpá gbọọrọ. Kò tíì dé ìdajì tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ẹ̀gbẹ́ pákó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó rò pé bíléèdì ti kú, bẹ́ẹ̀ tuntun ni. Bí a bá ń la igi tẹ̀lé iṣan rẹ̀, èérún rẹ̀ máa ń gùn, àlàfo tó jinlẹ̀ láàárín eyín sí eyín ló sì lè kó o jáde. Ti eléyín 80 kéré, èérún há síbẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ bá gbóná. Eléyín 24 ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ìgbà tí a bá ń gé pákó ní ìbú, tí a kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ hú, ni eléyín 60 tàbí 80 wúlò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká méjì lè fi eléyín 40 rọ́jú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìrókò pẹ̀lú, nítorí òkúta máa ń fara pamọ́ sínú igi náà. Kábáìdì le ju irin lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ bí àwo tánganran, fáìlì kò sì lè pọ́n ọn, àfi wíìlì oní-dáyámọ́ǹdì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ihò àárín. Ihò ọ̀pọ̀ bíléèdì jẹ́ mílímítà 30, nígbà tí ọ̀pá ẹ̀rọ ẹlòmíràn jẹ́ 25.4. Dípò kí oníṣẹ́ wá òrùka tí wọ́n ṣe fún un, mo ti rí ẹni tó gé agolo mílíìkì, tó fi dí àlàfo náà, tó sì tan ẹ̀rọ. Mo kúrò níwájú rẹ̀ kíá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń tà á ni pé kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà tú ọ̀rá rẹ̀ kó tó sanwó, kó lè ka iye eyín, ìwọ̀n ihò, àti eré tí bíléèdì kò gbọ́dọ̀ kọjá, èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rá tí a bá ti tú kò ṣe é tà mọ́. Mo dá a lóhùn pé èmi náà kò ní ra ohun tí n kò rí kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ pákó kan,
Kugbo, Abuja.