Irun kúkúrú kò ní ká má tọ́jú ajá ọdẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ajá ọdẹ kò nílò ìtọ́jú ara kankan, pé irun rẹ̀ kúrú, òjò ni yóò wẹ̀ ẹ́, oòrùn ni yóò gbẹ ẹ́. Ó tún ní bí kúrúnà bá mú un, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù ni ká fi pa á lára. Mo ní láti fèsì, nítorí àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ ń ka ojú ìwé yẹn, bí wọ́n bá sì ṣe ohun tó wí, ajá ni yóò máa kú.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Ìgànná ni mo ti kọ́ṣẹ́ ọdẹ. Ajá ìbílẹ̀ wa náà ni à ń lò títí di òní, àwọn pupa rúsúrúsú onírù kíká, ẹlẹ́sẹ̀ funfun, tí ń lé ọ̀yà jáde nínú oko ẹ̀gẹ́, tí ń wa ihò òkété láì sú wọn. Ìfura lorúkọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Òótọ́ ni pé irun ara rẹ̀ kò tó fọwọ́ dì mú. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ ká máa tọ́jú rẹ̀. Ajá onírun púpọ̀, inú irun ni ẹ̀gún kọ́kọ́ ń há sí. Ti ajá ọdẹ tiwa, àti ẹ̀gún, àti oòrùn, àti ẹnu kòkòrò, awọ gan-an ni wọ́n ń bá pàdé. Awọ ajá sì fẹ́lẹ́ ju tènìyàn lọ, bó ti wù kó le lójú wa tó.

Ẹni tó bá mọ igbó agbègbè wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Bẹẹrẹ ń la ara, ṣóńṣó ẹ̀kan ń gún àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, èèmọ́ ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn, bẹ́ẹ̀ ni yèrèpè ń dúró deni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá ti igbó dé, n kì í tíì bọ́ gbérí ọrùn mi tí mo fi ń pe Ìfura sídìí igi máńgòrò. Ògbólógbòó kànìnkànìn gbígbẹ, èyí tí lílò ti sọ di rírọ̀, ni mo fi ń ha á. Màá kọ́kọ́ ha á lòdì sí bí irun ṣe sùn, kí eruku àti irun tó ti re lè jáde. Màá wá ha á padà bí irun ṣe sùn, láti ọrùn dé ìdí ìrù, kí n tó fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nù ún. Àwọn ará ìlú ńlá ń ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un. Iṣẹ́ kan náà ni. Ọwọ́ lásán ló kàn: màá fi ìka tẹ gbogbo ara rẹ̀ kiri, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, etí kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní irun kúkúrú nìyẹn, kò sí ẹ̀gún tàbí ọgbẹ́ tó lè sá pamọ́ fún ẹni tó bá wá a.

Bó bá jẹ́ yèrèpè ló kọ lù ú, ẹ má fọwọ́ ra á, yóò túbọ̀ wọlé ni. Ẹrẹ̀ ni bàbá mi ń fi bo ibẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á sì ṣí i kúrò tòun ti yèrèpè tó lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi náà kò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ.

Eégbọn ló burú jù nínú gbogbo wọn. Inú etí, ìpéǹpéjú, abíyá, àárín ọmọ ìka, abẹ́ ìrù, abẹ́ okùn ọrùn: ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mu kò burú tó àrùn tí wọ́n ń fi síbẹ̀. Àwọn dókítà ẹran ń pe ọ̀kan nínú àwọn àrùn wọ̀nyí ní babesia. Ajá tó bá mú, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní jẹun, erìgì rẹ̀ á ṣì láwọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n bí omi poroporo. Mo ti gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń sọ pé ayé ló ń bá ajá àwọn jà, tó sì jẹ́ pé eégbọn ni.

Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú eégbọn níbi orí, kí ẹ̀mú náà fara kan awọ, kí ẹ sì fà á tààrà. Ẹ má yí i. Ẹ má fi iná jó o lára ajá, ẹ má da kẹrosíìnì lé e, nítorí bí ara bá ni ín, ohun inú rẹ̀ ni yóò bì sínú ajá. Inú agolo ni kẹrosíìnì wúlò sí: ẹ ju eégbọn tí ẹ bá yọ sínú rẹ̀, ẹ má fi èékánná fọ́ ọ. Ẹ rántí ilé tí ajá ń sùn pẹ̀lú. Abo eégbọn kan tó mẹ̀jẹ̀ yó lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ sínú lílà ògiri, nítorí náà ẹni tó ń yọ eégbọn lára ajá tí kò rẹ́ ògiri kò tíì ṣe nǹkan kan. Omi ewé dóńgóyárò tí a sè tó ti tutù náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ká a.

Ìdin abẹ́ awọ tún wà. Eṣinṣin kan ń yé sínú iyanrìn abẹ́ òjìji, pàápàá níbi tí ajá bá ti tọ̀ sí, ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ajá tó bá sùn síbẹ̀. Á wú bí eéwo, ihò kékeré á wà lórí rẹ̀. Ẹ fi òrí dí ihò náà. Bí kò bá rí èémí mí, á yọrí síta, ẹ rọra fún un jáde lódidi. Òrí yìí kan náà, tí àwọn ìyá wa ní Òkè-Ògùn ń ṣe, ni mo fi ń pa etí etí Ìfura, ìgúnpá rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ọyẹ́, díẹ̀ báyìí, nítorí yóò lá a.

Ní ti ìwẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ń fọ ọ̀rá tó ń dáàbò bo awọ dà nù. Ọṣẹ dúdú náà, bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, eérú inú rẹ̀ le jù fún ajá. Ọṣẹ ọmọdé tó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Kúrúnà ajá kì í ṣe ìdọ̀tí. Kòkòrò tójú wa kò lè rí ló ń gbé inú awọ. Oríṣi kan ń ran ajá mìíràn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí ara máa yún ẹni tó ń gbé e. Oríṣi kejì kì í ràn, ajá tí ara rẹ̀ kò le ló sábà ń mú. Àfi kí dókítà ẹran ha awọ díẹ̀, kó fi máíkíróskóòpù wò ó, kó tó mọ èyí tó jẹ́. Ọ́ìlì tí ẹńjìnnì ti lò ní májèlé nínú, ó ń gba awọ wọlé, ajá á sì tún lá èyí tó kù. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ọ̀tápíápíá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan ládùúgbò wa fi kun ajá rẹ̀ láàárọ̀ nítorí eégbọn. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu ajá náà, ó ń gbọ̀n, ó ń tọ̀ sára, oòrùn kò tíì kan àtàrí tó fi kú. Ajá tó mọ iṣẹ́ ni. Dichlorvos tó wà nínú oògùn yẹn, ní 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de títa á nínú ìgò kéékèèké, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á. Bí ẹnì kan bá ti fi kun ajá rẹ̀ kó tó ka lẹ́tà yìí, kó fi ọ̀rá wé ọwọ́, kó fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ ṣan ajá náà kíákíá, kó sì gbé e lọ bá dókítà ẹran, nítorí abẹ́rẹ́ tó lè gbà á wà. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí àwọn darandaran ń gún màlúù ńkọ́? Oògùn rere ni, oògùn kan náà ni wọ́n ń pín láwọn abúlé etí odò nítorí àrùn tó ń fọ́jú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti màlúù lè pa ajá.

Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá tọ ọ́ìlì. Owó ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa dé ibi tí dókítà ẹran wà lè ju owó ajá fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, Olóòtú. Ẹ bá wa pe dókítà ẹran kan láti ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kó kọ oògùn eégbọn àti ti kúrúnà sójú ìwé àgbẹ̀ yín, iye tó yẹ ajá ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀, ní Yorùbá tó yé ọdẹ. Kó fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kún un. A óò gé ojú ìwé náà lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí àwa ọdẹ ti ń ṣèpàdé. Bí dókítà náà bá sì lè wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, àwa la óò dá owó ọkọ̀ rẹ̀.

Èmi ni,
Ọdẹ kan láti Ìgànná, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.