Tírákà náà sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní gbájúẹ̀ lásán ni tírákà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ láti máa sọ ibi tó wà, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ mọ́tò rẹ̀ kó lọ ra ajá. Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ní ajá, oorun ló sì máa ń sùn lóru. Iṣẹ́ ríwáyà, àtúnṣe iná ọkọ̀, ni mò ń ṣe ní àdúgbò Caretaker níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé lógún ọdún. Tírákà tí mo ti fọwọ́ ara mi so mọ́ ọkọ̀ kò lóǹkà mọ́. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Àwa tá a wà nídìí rẹ̀ la ò bojú tó o, ẹ jẹ́ n sì fi orí ara mi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń ra kajú káàkiri abúlé wa, Àlàájà Oníkajú là ń pè é. Ó ní Sienna kan tó fi ń ṣe ìrìn àjò, ó sì ní bọ́ọ̀sì tó ń kó àpò kajú. Nígbà tí kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà wá pé kí n tún rédíò rẹ̀ ṣe, dírẹ́bà ní oorun ń kun òun lójú ọ̀nà. Mo tú rédíò, mo pààrọ̀ wáyà tó ti jóná, mo dá gbogbo rẹ̀ padà, orin ń dún, mo gbowó mi.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jí bọ́ọ̀sì náà gbé lóru níwájú ilé. Àlàájà ṣí áàpù tírákà orí fóònù rẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ kékeré náà wà ní Tákíè, ó dúró gbọin. A sáré débẹ̀ ní ìdájí, àwọn alákàrà nìkan la bá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá tẹ àwòrán náà, ló fi rí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tí èèrà lè gbé: ọjọ́ 35 sẹ́yìn.

Epo ló gbà wá. Géèjì epo bọ́ọ̀sì náà ti kú tipẹ́, bí táǹkì bá gbẹ tán, táǹkì kíkún ló máa ń júwe. Olè gbà á gbọ́. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé Gámbàrí lójú ọ̀nà Ìlọrin, ó fi í sílẹ̀ sétí títì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó bàjẹ́ ló gba ọkọ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tírákà wà níbi tí mo fi í sí, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Àmọ́ wáyà dúdú rẹ̀, tó yẹ kí bóòtù tó de rédíò fún mọ́ irin, ń fì dirodiro. Ẹni tó tú bóòtù yẹn tí kò dá wáyà padà sábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe olè. Èmi ni.

Mo sọ fún Àlàájà. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ sọ." Kò fi kún un. Èébú ì bá sàn fún mi.

Ohun tó mú mi gbé bírò gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tá a pe ilé iṣẹ́ tó ń gbowó ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó gbé fóònù ní ká ṣe sùúrù, ó yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó sì kà á sí wa létí: lọ́jọ́ tí mo tú rédíò, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 17, tírákà ránṣẹ́ pé iná ọkọ̀ ti já kúrò lára òun. Ó tún ránṣẹ́ nígbà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀sì ń gba Tákíè kọjá. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Fún ọjọ́ 35, kò sẹ́nì kankan tó pe ìyá yìí. Àmọ́ wọn ò gbàgbé láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí i kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń wo ọkọ̀ wọn láti òkè. Rárá o. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà, wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ yín wà láyé. Aago wọn àti ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ń ké sílẹ̀ ṣáá. Tírákà ló ń tẹ́tí, bó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin ó kéré tán, á ṣírò ibi tí òun wà. Síìmù inú rẹ̀ á wá gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe ń gbé WhatsApp lọ. Nítorí náà, ó nílò iná, ó nílò etí, ó nílò ẹnu.

Ti iná, mo ti jẹ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ló máa ń kú jù. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, láti oṣù Kejìlá ọdún 2020, ta ló rántí èyí tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù? Tírákà ò lè lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ní 2024, tí wọ́n ń ti àwọn síìmù pa, mo tú mẹ́ta tí ara wọn le koko. Síìmù wọn ni wọ́n tì. Dátà tó tán láìsẹ́ni tó rà á náà máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ti etí, bí ẹni tó so ó bá dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí tó fi í sábẹ́ irin, kò ní gbọ́ dáadáa, ọkọ̀ tó ti sùn ní Sábó á máa rìn káàkiri lórí áàpù.

Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni àìsàn o. Ẹ máa rántí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gún régé níbi gbogbo láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tírákà gidi á tọ́jú ibi tó gbà sínú ara rẹ̀, á sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Aago rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ìlú míì ni wọ́n ti ṣe é, aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló máa ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú. Oníbàárà mi kan fẹ́ lé dírẹ́bà rẹ̀ pé ó ń gbé ọkọ̀ jáde láago márùn-ún láti fi ṣe kábúkábú. Aago mẹ́fà ni ọmọ ọlọ́mọ ń jáde! Kò sẹ́ni tó tún aago tírákà tò.

Iṣẹ́ rere tó lè ṣe sì wà tí a kì í bi í. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń sọ fóòtì bátìrì ọkọ̀. Bátìrì tó kún tó sì sinmi máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bó bá di 12 géérégé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, alternator tó ń fún bátìrì níná ti ń kú lọ nìyẹn, ẹ tètè wá kó tó já yín sílẹ̀ lóru.

Ilé iṣẹ́ tó ń gbowó, mo bẹ̀ yín, bí tírákà bá ké pé iná òun já, tàbí tó dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ pe ẹni tó ni ín. Kọ̀ǹpútà yín mọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ yé wo àwòrán ọkọ̀ nìkan, aago abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ní kí wọ́n yọ orí bátìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá áàpù á ké. Ẹ má sì sọ ibi tí tírákà wà fún ríwáyà tí kò so ó, àwa náà lẹ́nu. Ẹ ṣáà wo áàpù kí ẹ tó gbé ọkọ̀ fún wa, kí ẹ tún wò ó kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa.

Àlàájà gbé Sienna rẹ̀ wá lánàá nítorí iná iwájú. Nígbà tí mo parí, kò tíì sanwó. Ó yọ fóònù, ó bọ́ sí gbangba nínú oòrùn, ó ń wo áàpù. Mo lọ dúró tì í. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí aago tó yí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, ríwáyà,
Ògbómọ̀ṣọ́.