Ṣájà Kò Sí Nínú Páálí, Ihò Okùn Etí Kò Sí Lára Fóònù: Kí Ìjọba Wa Náà Ṣòfin

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé fóònù tuntun kan wálé láti Kútọnu, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi í han aráyé lórí ìtàgé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti àtẹ́wọ́. Nígbà tó tú páálí rẹ̀ lórí tábìlì, fóònù ni a rí, okùn kúkúrú kan ni a rí, ìwé péńpé kan ni a rí. Kò sí orí ṣájà tí à ń kì bọ ara ògiri. Kò sí okùn etí. Nígbà tí a sì yẹ ara fóònù náà wò yíká, ihò tí okùn etí ń wọ̀ gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà pe ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé òde òní nìyẹn, kí ó padà wá ra èyí tó kù lọ́tọ̀. Owó tó dárúkọ fún orí ṣájà àti fún èyí tí wọ́n ń kì bọ etí láìní okùn ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nínú ilé mi. Èyí jọ kí ènìyàn ra ìkòkò kí wọ́n ní kó lọ ra ìdérí rẹ̀ lọ́jà mìíràn.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ọmọ mi, nítorí àrùn yìí ti ran ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé Apple ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú àṣà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni wọ́n gbé iPod jáde, ẹ̀rọ ìgbórin kékeré tí wọ́n ní ó lè gba 1,000 orin sínú àpò. Ní 2003 wọ́n fi ihò fífẹ̀ kan sí ìdí rẹ̀, ihò tó ní eyín 30, àwọn ènìyàn sì ra okùn, wọ́n ra gbohùngbohùn ilé àti ti ọkọ̀ tó bá ihò náà mu. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2012, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ iPhone 5 pẹ̀lú iPod touch àti iPod nano tuntun, wọ́n pa ihò fífẹ̀ náà tì, wọ́n fi èyí tó kéré tí wọ́n ń pè ní Lightning rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń ta ohun tí a ó fi so ti àtijọ́ mọ́ ti tuntun ní dọ́là 29. Ní 2016, nígbà tí iPhone 7 dé, wọ́n dí ihò okùn etí pa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn sì sọ lórí ìtàgé pé ìgboyà ni ó mú wọn ṣe é. Ní 2020 wọ́n yọ orí ṣájà àti okùn etí kúrò nínú páálí iPhone 12, wọ́n ní nítorí àti dáàbò bo ayé ni. Ní 2022 wọ́n kéde pé iPod ti kógbá wọlé.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tó bi wá. Kò sí ẹni tó bi àwa tí à ń fi owó sífà ra ọjà wọn.

Ẹ wá wo ibi tí ọkùnrin kan ti ń bá àwọn ènìyàn fi iná sí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kétu wa níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Pátákó kan ni ó gbé dúró, ó kan ìṣó sí i láti òkè délẹ̀, okùn sì ń rọ̀ lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ti Nokia àtijọ́ wà níbẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, tó tín-ín-rín. Èyí tó ní ẹnu fífẹ̀ wà níbẹ̀, àti èyí tí apá òkè rẹ̀ fẹ̀ ju apá ìsàlẹ̀ lọ, tí kì í wọlé bí a bá dojú rẹ̀ dé. Ti Lightning wà níbẹ̀, ti USB-C, ẹnu tuntun tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò báyìí, náà sì wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti já, ó sì ti fi táàpù dúdú wé wọn lọ́rùn. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, onípátákó náà á kọ́kọ́ yí ìdí fóònù sókè, á fi èékánná ha eruku kúrò lẹ́nu ihò rẹ̀, á sì gbé e súnmọ́ ojú kó tó mọ okùn tí yóò yọ. Bí kò bá sí okùn tó bá a mu, àgbẹ̀ náà á gbé fóònù kíkú rẹ̀ padà sílé, ẹni tó sì fẹ́ pè é láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lálẹ́ ọjọ́ náà kò ní bá a.

Ṣùgbọ́n ti orin ni ó dùn mí jù. Kétu ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, UNESCO náà sì kéde ní 2001 pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tó níye lórí jù lọ fún gbogbo ọmọ aráyé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gba orin sílẹ̀ ní òru ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru tí wọ́n ń kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí orin tí wọ́n bá kọ lọ́dún yìí lè má tún wáyé mọ́. Àbúrò bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń lé orin ẹ̀fẹ̀ ní àdúgbò wa. A gba orin rẹ̀ sílẹ̀, a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìgbórin kékeré kan tó ní ihò fífẹ̀, torí pé ohun tí ayé ń lò nígbà náà nìyẹn. Bàbá náà ti dolóògbé. Okùn ẹ̀rọ náà já, mo sì ti wá òmíràn ní Pọbẹ̀, ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, títí dé Tọ̀kpá ní Kútọnu. Èyí tí mo rí rà kò ju ayédèrú lọ, ó gbóná janjan, kò sì gbé iná wọlé. Àwọn yòókù ní wọn kì í ṣe ẹnu yẹn mọ́. Orin wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, ohùn bàbá kò sì lè jáde.

Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a fi sípò láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti ọjà títà ní orílẹ̀-èdè yìí: kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n mọ ọ̀nà àti gba owó ibodè lórí ọjà. Wọ́n mọ ọ̀nà àti sọ fún wa pé a gbọ́dọ̀ forúkọ káàdì fóònù wa sílẹ̀, wọ́n sì ń gé ìlà ẹni tó bá pẹ́. Àmọ́ nígbà tí oníṣòwò bá ta fóònù tí kò ní ṣájà, tàbí tí ó ta ṣájà ayédèrú tó lè jó ilé ènìyàn, a kì í gbúròó wọn. Ìpàdé ni wọ́n ń lọ, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú lọ, ìwé àbọ̀ ìpàdé wọn kò sì kan ihò fóònù àgbẹ̀ Kétu rí.

Bí wọ́n bá ní kò sí ohun tí ìjọba lè ṣe sí ilé iṣẹ́ ńláńlá, irọ́ ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2022, àwọn aṣòfin Yúróòpù dìbò lórí òfin ṣájà kan ṣoṣo, 602 fara mọ́ ọn, 13 péré ni kò fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2024, fóònù tuntun àti ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò USB-C. Apple ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò ṣèdíwọ́ fún ọgbọ́n tuntun, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n ti fi USB-C sí iPhone 15. Ní Faransé, tí àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn láti máa wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, òfin kan wà nígbà tí iPhone 12 jáde tó pa á láṣẹ pé kí okùn etí wà pẹ̀lú gbogbo fóònù, nítorí ìlera àwọn ọmọdé. Apple fi okùn etí sí ti Faransé, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ti àwọn ilẹ̀ yòókù. Ní Bràsíl, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, ìjọba bu owó ìtanràn lé Apple ní 2022 nítorí pé wọ́n ń ta fóònù láìsí ṣájà. Ibi tí òfin bá wà, wọ́n ń gbọ́ràn. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn kì í ti í bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe nìyí. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìkan kéré lójú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, nítorí náà kí àwọn aṣojú wa gbé ọ̀rọ̀ òfin ṣájà kan ṣoṣo lọ sí CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Abuja, kí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò ní Kétu, Ikeja ní Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá gba Ìlárá tàbí Ìgólò wọlé. Kí òfin náà sọ pé ẹnu kan ṣoṣo, ìyẹn USB-C, ni kí ó wà lára gbogbo fóònù àti ẹ̀rọ ìgbórin tuntun tí yóò wọ ilẹ̀ wa. A kò sì gbọ́dọ̀ da ti Yúróòpù kọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òfin tiwọn fún oníbàárà láyè láti ra fóònù láìgba ṣájà, torí pé ṣájà ti pọ̀ nínú ilé wọn. Nínú ilé tiwa, ṣájà kan ni ìdílé ń pín lò, ayédèrú sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí tiwa sọ pé orí ṣájà tó dájú gbọ́dọ̀ wà nínú páálí, kí iye rẹ̀ sì wà nínú owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé fóònù. Kí ó sọ pẹ̀lú pé ilé iṣẹ́ tó bá pa ihò kan tì gbọ́dọ̀ máa ta okùn ihò náà fún ọdún 10 gbáko lẹ́yìn ìgbà náà, ní iye tí ara lè gbà, ní ìlú tí wọ́n ti ta ẹ̀rọ náà. Ibùdókọ̀ ojú omi Kútọnu ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè ṣí páálí wò bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹrù wa wò, kí ọjà tí kò bá òfin mu sì padà síbi tó ti wá.

Àwọn kan yóò sọ pé USB-C ti dé, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò lè wọ Yúróòpù mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n lè wá kó o dà sí. Ihò mìíràn sì ń bọ̀ wá di dídí: láti 2022 ni iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti ní àyè káàdì fóònù mọ́, iPhone Air tó jáde ní 2025 kò sì ní in níbikíbi láyé. Bí ẹ̀gbọ́n ènìyàn bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, níbo ni àwa ará ibodè, tí à ń yọ káàdì Bẹ̀nẹ̀ tí à ń fi ti Nàìjíríà sí i bí a bá ti kọjá Ìlárá, yóò ti ki káàdì wa bọ̀? Ta ló bi wá kí wọ́n tó dí i?

Kí ìjọba dín owó ibodè orí ojúlówó ṣájà kù. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe níṣẹ́ dáadáa.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ rán oníròyìn yín sí àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́, pàápàá àwọn tí àwa ará ẹkùn Plateau, tí Kétu wà nínú rẹ̀, dìbò fún, kí ó bi wọ́n ẹni tí yóò gbé àbá òfin yìí kalẹ̀ nínú wọn àti ìgbà tí yóò gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn olúkúlùkù wọn jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Kétu