Ẹ fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè láyè

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ojú ewé fíìmù nínú ìwé ìròyìn yín, ti Hollywood àti tiwa nìkan ni mò ń rí, bẹ́ẹ̀ èyí tó ń jáde láti ibòmíì pọ̀, ó sì dáa gan-an. Ẹ wo Train to Busan tí wọ́n ṣe ní South Korea ní 2016, Yeon Sang-ho ló darí ẹ̀, òkú tó ń jí dìde tó ń gé èèyàn jẹ ló kún inú ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ ẹkún ni mo fi parí ẹ̀, torí bàbá kan tí kì í ráyè gbọ́ tọmọ ẹ̀ ló wá fẹ̀mí ẹ̀ lélẹ̀ fún un, mi ò mọ̀ pé fíìmù òkú lè ṣe mí báyẹn.

The Raid ti Indonesia náà ńkọ́, 2011? Ọmọ Wales ló darí ẹ̀ o, Gareth Evans, ìjà silat, ìyẹn ìjà ìbílẹ̀ tiwọn, ni òṣèré Iko Uwais ń jà láti àjà kan dé òmíì nínú ilé kan ṣoṣo. Ìtàn ẹ̀ ò jinlẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ìjà yẹn, háà!

Ringu ti Japan, 1998, ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń dẹ́rù bani, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju èyí tí Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2002 lọ.

Àwọn kan á ní àwọn ò lè máa ka sọ́btáítù, ìyẹn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù, ṣé kì í ṣe òun náà làwọn tí ò gbọ́ Yorùbá fi ń wo fíìmù tiwa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ nípa wọn.

Èmi òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta