Oòrùn Wa Kò Ní Ẹnìkejì Kankan Tó Ń Padà Bọ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí ohun gbogbo gbówó lórí yìí. Àpilẹ̀kọ kan tí ẹ gbé jáde lójú ewé sáyẹ́ǹsì lóṣù tó kọjá ló mú mi gbé gègé. Àkọlé rẹ̀ ni pé oòrùn ní ẹnìkejì, ìyẹn ìràwọ̀ mìíràn tí òun àti rẹ̀ jọ ń yí ara wọn po, ó sì ń padà bọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní méjì-méjì ni Ọlọ́run dá gbogbo ìràwọ̀, pé oòrùn wa nìkan ló dá wà, àti pé lọ́jọ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ bá dé, ayé á parẹ́. Ní Òmù-Àrán níbí, ẹ̀dà kan ṣoṣo ìwé ìròyìn yín ni ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa ń kà níwájú ilé oògùn tí àwa àgbà máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní òun ò dá àjọ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ayé ti fẹ́ parẹ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn sọfeyọ̀ ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ bí a ṣe ń fi oòrùn àti ìràwọ̀ mọ ibi tí àríwá wà gan-an kí a tó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. N kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀, àmọ́ mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó wọn nǹkan àti ẹni tó kàn fojú dá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ti méjì-méjì yẹn ná. Àwọn kan ti kà wọ́n. Lọ́dún 1991, Antoine Duquennoy àti Michel Mayor, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Geneva, nílẹ̀ Switzerland, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ìràwọ̀ 164 tó jọ oòrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 13 tí wọ́n fi ń wọn ìrìn àwọn ìràwọ̀ náà. Lọ́dún 2010, Deepak Raghavan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe. Ìràwọ̀ 454 tó jọ oòrùn ni tiwọn, gbogbo wọn sì wà nítòsí wa, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ wọn kì í rìn ju nǹkan bí 80 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, 56 ló dá wà. Ẹnìkejì kan péré ni 33 ní. Mẹ́ta-mẹ́ta ni 8, àwọn 3 tó ṣẹ́ kù sì jẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó dá wà bíi ti oòrùn wa ló pọ̀ jù. Àwọn ìràwọ̀ pupa kéékèèké, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù lójú ọ̀run, tún dá wà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ńlá tó gbóná janjan ni kì í sábà dá wà.

Bí wọ́n ṣe kà wọ́n ni ì bá dára kí òǹkọ̀wé yín sọ fún wa. Ọ̀nà kan kò lè tó, torí pé ẹnìkejì lè súnmọ́ ìràwọ̀ débi tí kò sí awò awọ̀nàjíjìn tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì lè jìnnà débi tí ẹnikẹ́ni ò ní fura pé wọ́n bára tan. Fún àwọn tó súnmọ́ra, inú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá dúró ní oríta Àjàṣẹ́-Ìpo tí tírélà ń fun fèrè bọ̀ á gbọ́ bí ohùn fèrè náà ṣe ń han. Bó bá ti kọjá báyìí, ohùn á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: tí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, àwọ̀ rẹ̀ á sún díẹ̀ sí aró, tó bá ń lọ, á sún sí pupa. Tí sísún yìí bá ń lọ tó ń bọ̀ létòlétò, a jẹ́ pé ohun kan ń fa ìràwọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ojú kò tiẹ̀ rí ohun náà. (Ọ̀nà yìí kan náà ni Mayor àti Didier Queloz gbà rí pláńẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po lọ́dún 1995, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019. Wíwá ẹnìkejì ìràwọ̀ ni Mayor ń ṣe bọ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn oníròyìn kì í rántí sọ ìyẹn.)

Ní ti àwọn tó jìnnà síra, bí wọ́n ṣe ń sún lójú ọ̀run lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọ̀n. Ìràwọ̀ méjì tí wọ́n jìnnà sí wa bákan náà, tí wọ́n sì ń gba apá kan náà lọ ní ìwọ̀n eré kan náà, ará ilé kan ni wọ́n. Gaia, ẹ̀rọ tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ sókè lóṣù Kejìlá ọdún 2013, tó sì wo ojú ọ̀run títí di oṣù Kìíní 2025, ti mú kí iṣẹ́ yìí yá. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ ọdún 2010 yẹn ni pé wọn ò dúró sórí iye tí wọ́n rí. Wọ́n tún ṣírò iye tó ṣeé ṣe kí ojú àwọn ti fò. Sọfeyọ̀ gidi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín tí a lè fojú lásán rí. Alpha Centauri ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà ní London tàbí Moscow kò lè rí i láé láti ilé rẹ̀, àwa ń rí i. Tí òjò bá gbà wá láyè lóṣù Kẹfà, ẹ kọjú sí gúúsù ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ó rí ìràwọ̀ méjì tó ń tàn dáadáa, tí wọn kò ga ju nǹkan bí dígíríì 21 lọ sí ilẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì, tó tún tàn ju èkejì lọ, òun ni. Èyí tó wà lápá ọ̀tún kò bá a tan rárá. Ó jìnnà gan-an lẹ́yìn rẹ̀, a kàn ń wò wọ́n lápá kan náà ni. Inú ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lápá òsì yẹn gan-an ni ìràwọ̀ méjì tó jọ oòrùn wà.

Àlùfáà kan, Jean Richaud, ló fi awò yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Pondicherry, nílẹ̀ Íńdíà, lọ́dún 1689. Ẹ̀kẹta wọn, tó jẹ́ kékeré pupa, tí wọ́n ń pè ní Proxima, Robert Innes ló rí i lọ́dún 1915, láti Johannesburg. Thomas Henderson náà, ní Cape ní gúúsù Áfíríkà wa yìí ló ti wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa tó, lọ́dún 1832 sí 1833. Igun tó ń wá, ìyẹn bí ìràwọ̀ náà ṣe ń sún díẹ̀ lójú wa bí ayé ṣe ń yí oòrùn po, kò tó sẹ́kọ́ọ̀ńdì kan bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, bẹ́ẹ̀ sẹ́kọ́ọ̀ńdì 3,600 ló wà nínú dígíríì kan. Theodolite Wild T2, ẹ̀rọ tí àwa sọfeyọ̀ fi ń wọn igun, tí mo gbé la gbogbo igbó Ìgbómìnà já, sẹ́kọ́ọ̀ńdì kan ni ohun tó kéré jù tí ojú rẹ̀ ń kà.

Nǹkan bí 80 ọdún ni àwọn méjì yìí fi ń yí ara wọn po. Bí wọ́n bá súnmọ́ra jù, àlàfo wọn fi díẹ̀ ju ti oòrùn sí Saturn lọ. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oòrùn sí Pluto. Ọdún 1955 ni wọ́n súnmọ́ra kẹ́yìn, ọdún náà sì ni ìyá mi bí mi. Ó di 2035 kí wọ́n tó tún súnmọ́ra bẹ́ẹ̀. Bí Ọlọ́run bá dá mi sí, èmi náà á ti pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn yìí tiẹ̀ yára. Láàárín àwọn tí Raghavan kà, nǹkan bí ìdajì ló ń gbà ju 300 ọdún lọ kí wọ́n tó yípo lẹ́ẹ̀kan, bàbá, ọmọ àti ọmọọmọ ni yóò máa wọ̀n ọ́n fún ara wọn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Tí a bá ti mọ àlàfo wọn àti iye ọdún tí wọ́n fi ń yípo, a ti lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Òfin tí Johannes Kepler gbé jáde lọ́dún 1619, tí Newton wá sọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ẹ ka àlàfo ayé sí oòrùn sí 1. Tí a bá fi èyí tó jìnnà jù àti èyí tó súnmọ́ jù wá ìdajì, àlàfo àwọn méjì yìí á jẹ́ nǹkan bí 23.5. Ẹ tẹ 23.5 × 23.5 × 23.5, ẹ ó rí nǹkan bí 12,978. Ẹ wá fi 80 × 80, ìyẹn 6,400, pín in. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni 2.03. Ìwọ̀n oòrùn wa lọ́nà méjì ni àwọn méjèèjì jọ wúwo tó! Ẹ̀rọ ìṣirò tí ọmọ ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ ló ṣe é. Ìràwọ̀ tó dá wà kì í jẹ́ ká rí i wọ̀n báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní ẹnìkejì fi níye lórí lójú àwọn onímọ̀.

Mo fura sí ibi tí òǹkọ̀wé yín ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Sarah Sadavoy àti Steven Stahler, yẹ àwọn ìràwọ̀ jòjòló wò nínú ìkùukùu ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Perseus, níbi tí ìràwọ̀ ti ń dáyé. Wọ́n ní ohun tó bá iye tí àwọn rí mu ni pé gbogbo ìràwọ̀ tó jọ oòrùn ló ní ẹnìkejì lókèèrè nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, pé kí mílíọ̀nù ọdún kan tó pé ni àwọn kan ti fà mọ́ra, tí àwọn tó kù sì ti tú ká. Èrò tó ṣeé gbé yẹ̀ wò ni. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí fún oòrùn ni pé ẹnìkejì náà, bó bá wà rí, ti bá tirẹ̀ lọ láti nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin ààbọ̀ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń padà bọ̀.

Ti ìparun ayé, ọ̀rọ̀ ọdún 1984 ni wọ́n lọ hú jáde. David Raup àti Jack Sepkoski ní ó jọ pé ohun abẹ̀mí ń kú rẹpẹtẹ ní gbogbo mílíọ̀nù 26 ọdún. Àwọn kan bá ní bóyá ìràwọ̀ bàìbàì kan ló ń yí oòrùn po lókèèrè, tó ń darí ìràwọ̀ onírù kọ lù wá. Wọ́n sọ ọ́ ní Nemesis. Wọ́n wá a. WISE, ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà gbé lọ sókè lọ́dún 2009, fi ooru wo gbogbo ojú ọ̀run. Lọ́dún 2014, Kevin Luhman jábọ̀ pé kò sí ohun kankan tó tóbi ju Jupiter lọ láti ọ̀dọ̀ oòrùn títí dé ìlọ́po 26,000 àlàfo ayé sí oòrùn. Ìràwọ̀ tó kéré jù pàápàá wúwo ju Jupiter lọ ní ìlọ́po tó lé ní àádọ́rin. Ibo ni irú rẹ̀ fẹ́ sá pamọ́ sí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré lásán ni kíka ẹnìkejì yìí. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi orúkọ Kepler sọ, tó gbéra lọ sójú ọ̀run lọ́dún 2009 tó sì ṣiṣẹ́ títí di 2018, wá pláńẹ́ẹ̀tì nípa bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń dín kù nígbà tí pláńẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú rẹ̀. Bí ẹnìkejì bá fara pamọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ìdínkù á dà bíi pé kò tó nǹkan, wọ́n á sì ka pláńẹ́ẹ̀tì náà sí kékeré ju bó ṣe rí lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní àpáta bíi ti ayé wa lè jẹ́ kìkì afẹ́fẹ́.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Lójú ewé kan náà tí ẹ ti gbé ti oṣù tó kọjá ni kí ẹ gbé èyí sí, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi tọjọ́sí. Nígbà mìíràn, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu fídíò orí fóònù, ẹ fi ìpè kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní Fásitì Ìlọrin. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń tẹjú mọ́ oòrùn láti fi wọn eruku ọyẹ́, wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ oòrùn jù wá lọ. Bí àyè kò bá sì tó fún lẹ́tà yìí, ẹ lè yọ ọ̀rọ̀ theodolite mi kúrò, n kò ní bínú. Ẹ ṣáà má yọ 56, 33, 8 àti 3.

Èmi ni tiyín,
Sọfeyọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.