Kọ́ọ̀tù ní kí ẹnì kan máa jókòó ti bàbá àti ọmọ, ìgbà wo ló máa parí?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tí kọ́ọ̀tù ní wọn ò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ wọn ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti jókòó níbẹ̀ rí. Nígbà tí àbúrò mi àti ọkọ ẹ̀ túká, kọ́ọ̀tù ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá, kí bàbá máa rí i fún wákàtí 2 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nítorí ọtí tó ń mu. Èmi ni wọ́n mú. Àṣìṣe gbáà ni. Èmi tí mo ti bá àbúrò mi sunkún lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe bí ẹni tí ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni? Tó bá ti fa ọmọ mọ́ra báyìí, ojú mi á le, ọmọ ọdún 6 á kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó rẹ́rìn-ín sí bàbá ẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìgbà tí wọ́n gbé ìbẹ̀wò náà lọ síbi tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ẹ̀ ni mo tó rí bó ṣe yẹ kó rí. Bàbá á ti dé ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, ìyá á gba ẹnu ọ̀nà míì mú ọmọ wọlé á sì máa lọ, wọn ò ní fojú kanra torí ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́ nìjà ti máa ń bẹ́. Àǹtí tó ń bójú tó wọn jókòó síbi tó ti ń rí wọn tó sì ń gbọ́ wọn, kò sí sísọ̀rọ̀ sọ́mọ létí, kò sí "ta ló ń wá sílé yín?", kò sí "o máa padà wá bá mi gbé láìpẹ́". Tí ẹnu bàbá bá ń rùn fún ọtí, kò sí ìbẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí àǹtí yẹn bá rí ló ń kọ sílẹ̀, kì í kọ pé bàbá dáadáa ni àbí burúkú, iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn.

Àwọn kan ní ìtìjú ni fún bàbá (àwọn ìyá náà ń bẹ níbẹ̀ o), àwọn míì ní kí ló tiẹ̀ fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ ọmọ. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1989 sọ ọ́ ní abala 9, ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí òbí ẹ̀ méjèèjì, àyàfi tí ìyẹn bá máa pa á lára. Torí náà ẹni tó bá ṣèṣekúṣe sọ́mọ, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un jàre.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ́dà, ìyẹn àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fún wọn, ò sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Ọkùnrin yẹn ò mutí mọ́, ó lé lọ́dún kan, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ bíi olè, àfi kó tún lọ wá owó lọ́yà kó tó lè padà síwájú adájọ́. Ṣé kò ṣeé kọ sínú ọ́dà látìbẹ̀rẹ̀ ni, pé ṣe báyìí, mú ẹ̀rí wá, padà wá lóṣù báyìí, tó bá dáa ká máa ṣọ́ yín kìkì ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé ọmọ lé ara yín lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí bàbá àti ọmọ jọ máa jáde lójúmọmọ?

Ọmọ yẹn ti pé 8 báyìí. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé àǹtí tó ń kọ nǹkan yẹn máa wà níbẹ̀ tóun bá ń ṣègbéyàwó.

Èmi, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ